Àtàǹpàkò Ìyá Onígàrí

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń mú irú ìtàn báyìí wá fún wa máa ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a bo orúkọ àwọn. Ọkùnrin tó ni èyí kò bẹ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní ohun tí òun ṣe ti jáde nínú ìwé ìròyìn rí, kò sí aṣọ tó lè bò ó mọ́.

Olúyínká Abórìṣàdé ni orúkọ rẹ̀. Yàrá kan ló ń gbé ní Ṣógúnlé báyìí, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà kan. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń jó irin níbẹ̀ ń kí i ní "Bàbá, ẹ káàárọ̀," wọn kò mọ̀ pé ọkọ̀ dúdú tó ní àsíá níwájú ló máa ń gbé e kọjá lójú títì yẹn nígbà kan.

Ọmọ Èkìtì ni, bàbá rẹ̀ jẹ́ katikíìsì. Báńkì agbègbè kan ló gbà á síṣẹ́, àwọn náà ló sì rán an wá sí Òṣòdì lọ́dún 1964 pé kó ṣí ẹ̀ka sí ẹ̀gbẹ́ rélùwéè.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Àwọn ará Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ kò gbà pé ilé tí a kò bí ẹnikẹ́ni sí lè tọ́jú ohun ìní ẹni. Abórìṣàdé á bọ́ kóòtù sílẹ̀, á wọ inú agbo ilé wọn lọ, á jókòó sórí àpótí.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹní kì í ṣe sééfù," ni yóò wí. "Eku mọ ibi tí ẹ ń fi ìwé ilẹ̀ yín sí ju àwọn ọmọ yín lọ."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá.

Ẹni tó bá ní ìwé pàtàkì, wọ́n á fi í sínú àpòòwé báńkì, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ pa. Bí olúwarẹ̀ kò bá mọ̀wé, yóò fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ yíǹkì, yóò tẹ̀ ẹ́ sí ojú ibi tí wọ́n lẹ̀, ìdajì lórí ìdérí, ìdajì lára àpòòwé. Ẹni tó bá ṣí i láìgbàṣẹ á ya ìka náà sí méjì. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló sì ń ṣí sééfù. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ Máníjà, èkejì wà lọ́wọ́ Àyànníyì, àgbà akọ̀wé tó ti Ọ̀yọ́ wá. Ẹnì kan kò lè dá a ṣí.

Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ gbé ìwé ilẹ̀ wá ni Sẹ̀kínátù, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Wàsílátù. Opó ni. Ní Òkè-Afà ló ti ń yan gàrí, lórí ilẹ̀ tí baba ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, ààrò mẹ́rin, àgbada mẹ́rin. Ó mú ọmọbìnrin rẹ̀ dání lọ́jọ́ náà.

Ó tẹ̀ka. Kò jáde. Ó tún tẹ̀ ẹ́, dúdú rọ́bọ́tọ́ ló jáde bí ìdí ìkòkò, kò sí ìlà kan ṣoṣo níbẹ̀.

"Ìyá, ẹ tún un tẹ̀," ni Àyànníyì wí.

"Mo ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé kí n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ni?"

Abórìṣàdé dìde, ó gba ọwọ́ obìnrin náà, ó wò ó. Ọgbọ̀n ọdún tí ó ti ń rin ẹ̀gẹ́ lórí páànù ti jẹ gbogbo ìlà àtàǹpàkò náà tán. Ó ń dán bíi ẹyin.

"Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, Àyànníyì," ló wí. "Èyí tí kò nílà yìí gan-an la ó fi dá a mọ̀. Kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Ìsọlọ̀."

Inú obìnrin náà dùn. "O gbọ́, Wàsílá? Máníjà ní kò sí irú mi."

Ọdún mẹ́wàá kọjá. Owó epo rọ̀bì dé, títì dé, àwọn ilé alájà dé. Ní ọdún 1974, rédíò dárúkọ Olúyínká Abórìṣàdé mọ́ àwọn tí ìjọba fẹ́ fi joyè tuntun. Kọmíṣánnà ni wọ́n ń pè é nígbà náà nítorí pé àwọn ológun ló ń ṣèjọba, ṣùgbọ́n mínísítà ni gbogbo Òṣòdì pè é. Ọ̀ràn ilé àti ilẹ̀ ni wọ́n fi sábẹ́ rẹ̀.

Àwọn oníbàárà tò wá sí báńkì láti kí i. Ìyá Wàsílátù ru àpò gàrí kan wá.

"Wọ́n lè má mọ gàrí yan níbi tí ò ń lọ," ló wí. "Máníjà ọmọ mi, má gbàgbé wa o."

"Báwo ni mo ṣe lè gbàgbé yín, Ìyá?"

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí ó gbé iṣẹ́ báńkì fún ẹni tuntun. Ní ọ̀sẹ̀ náà ni Akínbọ̀wálé wá sí ilé rẹ̀. Oníkóńtíráàtì ni, sìmẹ́ńtì ló ń kó wọlé, wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Ó jókòó, ó wo àjà, ó wo ògiri.

"Yínká, ta ló ni ilé yìí?"

"Báńkì ni. O mọ̀."

"O máa kó jáde."

"Ìjọba ti fún wa ní ilé sí Ìkòyí."

"Ó dáa. Àwọn ológun tó gbé ẹ débẹ̀, ṣé wọ́n ti sọ ọjọ́ tí wọ́n máa lé ẹ?"

Abórìṣàdé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ibi kankan.

"Lọ́jọ́ tí wọ́n bá lé ẹ," ni Akínbọ̀wálé ń wí lọ, "ilé bàbá rẹ ní Èkìtì lo máa padà sí. Ilé katikíìsì. Páànù yẹn ṣì ń jò, àbí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́? Mínísítà tí kò nílé. Àwọn ọmọdé á fi ẹ́ ṣe orin."

Adéjùmọ̀kẹ́, ìyàwó Abórìṣàdé, gbé omi wọlé, ó sì jáde. Òun náà ti bi ọkọ rẹ̀ ní ìbéèrè yìí rí.

Akínbọ̀wálé wá sọ ohun tó gbé e wá. Ìjọba fẹ́ gba ilẹ̀ ní Òkè-Afà láti kọ́ ilé. Ẹni tó bá mú ìwé ilẹ̀ rẹ̀ síwájú ìgbìmọ̀, wọ́n á yọ tirẹ̀ sílẹ̀. Ilẹ̀ tí kò bá níwèé, ìjọba á gbà á, ọwọ́ mínísítà ni yóò sì ti jáde fún ẹni tí mínísítà bá fẹ́. Ilẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó kọjú sí títì. Akínbọ̀wálé fẹ́ ẹ. Yóò gba ìdajì, yóò sì kọ́ ilé alájà kan sórí ìdajì kejì fún Abórìṣàdé.

"Ìwé kan ṣoṣo ló dí wa lọ́wọ́," ló wí. "Ìwọ lo mọ ibi tó wà."

"Ti ìyá onígàrí ni."

"Èmi ò bi ẹ́ lórúkọ."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń ro ọ̀rọ̀ náà. Sàtánì mọ bí a ṣe ń bá ọmọ katikíìsì sọ̀rọ̀. Kò sọ fún un pé kó jalè. Ohun tó sọ ni pé ìyá náà ti dàgbà, ọmọ kan péré ló ní, ìjọba kò ní ṣàì wá ibòmíràn fún un, ààrò kì í ṣe ilé. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹta, ó ti dà bí ẹni pé oore ni òun fẹ́ ṣe fún un.

Ní ọ̀sán Sátidé, báńkì ti pa. Ó ní kí Àyànníyì wá bá òun pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, pé òun fẹ́ yẹ sééfù wò kí òun tó fi í lé ẹni tuntun lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, ilẹ̀kùn irin náà ṣí. Abórìṣàdé na ọwọ́, ó mú àpòòwé kan jáde.

"Ọ̀gá, ti Ìyá Wàsílátù nìyẹn," ni Àyànníyì wí.

"Mo mọ̀."

"Ìyá fúnra rẹ̀ kò sí níbí, ọ̀gá."

"Mo mọ̀, Àyànníyì. Ọdún mélòó ló kù kí ẹ fẹ̀yìn tì?"

"Mẹ́rin."

"Mo lè mú yín dání lọ sí Ìkòyí. Ọmọ yín tó fẹ́ wọ yunifásítì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní le."

Àyànníyì wo àpòòwé, ó wo ọ̀gá rẹ̀. Ó wá yí padà, ó kọjú sí ògiri, ó sì di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú sẹ́yìn pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Èmi ò rí nǹkan kan," ló wí.

Abórìṣàdé ya àpòòwé náà. Ó yọ ìwé ilẹ̀ jáde, ó mú àpòòwé tuntun, ó ki abala ìwé òfìfo mẹ́ta bọ̀ ọ́, ó lẹ̀ ẹ́, ó kọ nọ́ńbà tó wà lára ti àtijọ́ sí i. Ó wá ku ìka.

Ó wo ẹ̀yìn Àyànníyì. Kò lè ní kí ó yí padà wá tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ àtàǹpàkò ara rẹ̀ sínú yíǹkì. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò tẹ̀ka rí, nítorí ó ti mọ orúkọ rẹ̀ kọ láti kékeré. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó jáde dáadáa, gbogbo ìlà rẹ̀ pé.

Ìka ni ìka, ló wí nínú ọkàn rẹ̀. Ta ló máa ń wo ojú ìka púrúǹtù?

Nígbà tó dé ilé, Adéjùmọ̀kẹ́ rí i lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí ló ta sí yín lọ́wọ́?"

"Yíǹkì báńkì," ló wí. "Ó ti parí."

Akínbọ̀wálé gba ìwé ilẹ̀ náà lọ́jọ́ kejì, ó sì sun ún lójú Abórìṣàdé nínú àwo eérú sìgá.

Ìkòyí dùn. Abórìṣàdé kò purọ́ fún wa pé kò dùn. Àwọn ọlọ́pàá ń kan sárá sí i, àwọn tó jù ú lọ ń pè é ní sà. Àyànníyì ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní tábìlì tirẹ̀. Àwọn méjèèjì kò sọ ọ̀rọ̀ Sátidé yẹn mọ́.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ dé Òkè-Afà. Wọ́n ní kí oníkálukú mú ìwé rẹ̀ wá. Àwọn aládùúgbò ń sunkún, Ìyá Wàsílátù ń tù wọ́n nínú. Ó ní tòun wà ní báńkì, nínú irin. Ó lọ gba àpòòwé rẹ̀ ní Òṣòdì, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, ó gbé e dé iwájú ìgbìmọ̀.

Akọ̀wé ìgbìmọ̀ fa ìdérí ya. Ó yọ abala mẹ́ta jáde, ó yí wọn síwá, ó yí wọn sẹ́yìn.

"Ìyá, kò sí nǹkan kan níbí. Ṣé ìwé òfìfo lẹ fi ń gba ilẹ̀ ni?"

Àwọn tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà kó àpòòwé tó ti ya àti ìwé òfìfo náà sínú ìró rẹ̀, nítorí pé tirẹ̀ ni wọ́n.

Ìkòyí ló gbà lọ. Kò mọ̀nà, ó béèrè títí ó fi débẹ̀. Nígbà tí Àyànníyì rí i lẹ́nu ọ̀nà, ó dìde, ó wọlé lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀, ó gba ẹ̀yìn jáde, kò sì padà wá lọ́jọ́ náà.

Obìnrin náà jókòó sí etí àga. Ó rọra ṣàlàyé, bí ẹni tó ń rojọ́ fún ọmọ rẹ̀.

"Máníjà, ìwọ ló gbà á lọ́wọ́ mi. Ìwọ ló fi sínú rẹ̀. Kí ni mo kó fún ọ lọ́jọ́ náà?"

Ó ku díẹ̀ kí Abórìṣàdé sọ òótọ́. Ó ní ẹnu òun ti là. Ohun tó jáde níbẹ̀ ni pé:

"Ìyá, ó ti pẹ́. Mo rò pé ẹ ti gbàgbé ohun tí ẹ fi pamọ́ ni. Bóyá ìwé náà wà nílé, lábẹ́ ẹní."

Obìnrin náà wò ó. Kò bínú. Ó gbé ọwọ́ lé iwájú orí.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Àgbà ló dé."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń tú ilé ká, ó ń gbẹ́ ilẹ̀ abẹ́ ẹní, ó ń bi Wàsílátù bóyá ó rí ìwé kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún gàrí tó ti tà kà lẹ́ẹ̀mejì. Ó sọ fún àwọn aládùúgbò pé orí òun ti ń dàrú, kí wọ́n má fi nǹkan lé òun lọ́wọ́ mọ́. Ààrò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì ń jó ní àárọ̀ tí katapílà dé. Wọ́n ní kò janpata. Ó kàn ń bẹ awakọ̀ náà pé kó jẹ́ kí òun gbé àgbada òun kúrò.

Ní oṣù keje ọdún 1975, ìjọba yí padà. Rédíò tún dárúkọ Abórìṣàdé, lọ́tẹ̀ yìí mọ́ àwọn tí wọ́n yọ. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde, wọ́n ní kí ẹni tí wọ́n bá fìyà jẹ jáde wá sọ̀rọ̀.

Wàsílátù ló jáde. Ó ti dàgbà, ó ń ta àjákù aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iléeṣẹ́ aṣọ Aswani. Ó mú ìyá rẹ̀ dání, ó sì mú àpòòwé náà dání. Alága ìgbìmọ̀ jẹ́ adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn.

"Ta ló tẹ ìka yìí?" ló béèrè.

"Ìyá mi ni, sà. Báńkì ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Ìyá, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín kí n wò ó."

Obìnrin náà tẹ̀ ẹ́. Dúdú rọ́bọ́tọ́ ló jáde bí ìdí ìkòkò. Alága gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti àpòòwé. Ó bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́.

Ó pe Àyànníyì. Ọkùnrin náà tẹ̀ka. Kò bá a mu. Alága béèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yòókù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àyànníyì wolẹ̀.

"Èmi ò rí nǹkan kan, sà," ló wí.

"Ọ̀gbẹ́ni Abórìṣàdé, ẹ súnmọ́bí."

Abórìṣàdé dìde. Ohun tó sọ lọ́jọ́ náà, ó ní ó ṣì ń dún létí òun.

"Sà, mo mọ̀wé. Mo máa ń fọwọ́ sí ìwé ni."

"A mọ̀. Lónìí, ẹ óò tẹ̀ka."

Kò pẹ́ rárá. Wọ́n fi síwájú ara wọn, ọmọ iléèwé á mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Kì í ṣe ariwo tó ta ló rántí jù. Ìyá Wàsílátù ló rántí, tó tẹ̀ síwájú láti wo àwọn ìka náà, tó wò wọ́n títí, tó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Wàsílá, orí mi ò dàrú," ló wí.

Ọdún kan àtààbọ̀ ni Abórìṣàdé lò lẹ́wọ̀n. Àyànníyì lo oṣù méje, ẹ̀jẹ̀ ríru sì pa á níbẹ̀. Ọmọ tó fẹ́ wọ yunifásítì ló wá gba òkú rẹ̀ lọ sí Ọ̀yọ́. Akínbọ̀wálé ti sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n kó tó lọ, ó ti gé ilẹ̀ náà tà fún ènìyàn mọ́kànlá. Wọ́n ti kọ́lé sí i. Ìwé rẹ̀ ti di eérú. Kò sí ohun tí ìjọba lè dá padà.

Adéjùmọ̀kẹ́ ti kó lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ fi jáde. Páànù ilé Èkìtì ṣì ń jò, Abórìṣàdé kò sì lè wo ojú àwọn ará ibẹ̀. Bó ṣe gba yàrá ní Ṣógúnlé nìyẹn.

Ó wá gbọ́ nǹkan kan ní ọ́fíìsì ilẹ̀. Ilẹ̀ díẹ̀ ṣẹ́ kù ní Ìsọlọ̀ fún àwọn tí wọ́n gba tiwọn lọ́nà àìtọ́. Bí òun bá kọ ìwé ìbúra pé ilẹ̀ náà jẹ́ ti Sẹ̀kínátù, tí obìnrin náà bá sì tẹ̀ka sí i, wọ́n á fún un ní òmíràn. Ìparí oṣù ni wọ́n máa dẹ́kun gbígba ìwé.

Ó kọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Ó ra páàdì yíǹkì tuntun. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ti ẹ̀wọ̀n dé, ọjọ́ yẹn nìkan ni òun fá irùngbọ̀n.

Ó bá wọn nínú ọgbà ẹlòmíràn ní Ìsọlọ̀, níbi tí ìyá náà ti ń bá olówó kan yan gàrí. Ó ń jọ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti fún. Abórìṣàdé dọ̀bálẹ̀ sórí èèpo ẹ̀gẹ́.

"Dìde," ni obìnrin náà wí. "O ń di ọ̀nà."

Ó dìde, ó ṣàlàyé. Wàsílátù gba ìwé náà, ó kà á tán, ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀.

"Ìyá, òótọ́ ló kọ. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ má wo ojú rẹ̀."

"Ìgbà tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ fún un, o wà níbẹ̀."

"Ilẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fún yín, Ìyá."

"Mo gbọ́." Kò dáwọ́ ajọ̀ dúró. "Ó gba ilẹ̀ mi, ìyẹn ń ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn. Ṣùgbọ́n mo dé iwájú rẹ̀, ó ní àgbà ló dé. Mo gbà á gbọ́. Mo ń rìn káàkiri Òkè-Afà, mo ń sọ fún ènìyàn pé mo ti ya wèrè."

Abórìṣàdé ṣí páàdì yíǹkì, ó gbé e súnmọ́ ọn.

"Ìyá, ẹ ràn mí lọ́wọ́."

Obìnrin náà gbójú sókè. Ó wo páàdì, ó wo àtàǹpàkò tó dì í mú.

"Máníjà," ló wí, "fi tìrẹ tẹ̀ ẹ́. O mọ bí a ṣe ń bá mi tẹ̀ ẹ́."

Ó sì padà sídìí ajọ̀ rẹ̀. Wàsílátù sin Abórìṣàdé dé ẹnu ọ̀nà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Oṣù parí. Wọ́n fi ilẹ̀ tó ṣẹ́ kù fún àwọn tó níwèé.

A béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ẹ̀kọ́ wo ló fẹ́ kí ẹ̀yin tó ń ka èyí mú lọ sílé. Ó ní kò sí, pé ohun tó yẹ kí òun sọ, ọjọ́ tí obìnrin náà jókòó sí etí àga ní Ìkòyí ló yẹ kí òun ti sọ ọ́.

Ìwé ìbúra náà wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó gbé ẹní tó ń sùn lé sókè, ó fà á yọ fún wa kí a rí i. Eku ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etí rẹ̀. Orúkọ Sẹ̀kínátù wà níbẹ̀, orúkọ Òkè-Afà wà níbẹ̀, òun náà ti fọwọ́ sí i. Ibi tó fi sílẹ̀ fún ìka ìyá náà ṣì funfun báláú.